Tí mo bá sáré tán ni àyà mi ń há, tí mo ń wúkọ́: ṣé kí n jáwọ́ nínú eré ni?

Ìyá Fèyí (Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀) | Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó nírìírí kò ní wọ́n níbí.

Ọmọ ọdún 37 ni mí, mo bí ọmọ mẹ́ta, aṣọ ni mò ń tà. Láti oṣù kẹsàn-án ni èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rin kan ládùúgbò wa ti máa ń jáde ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé láti sáré. A máa ń wọ ọkọ̀ dé géètì yunifásítì OAU, a ó wá máa sáré díẹ̀díẹ̀ lójú títì Road 1 wọnú ọgbà lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà. Mò ń mí gúlegúle bíi ti gbogbo wọn, tí mo bá sì dúró, ara á balẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Ní báyìí, tí mo bá ń sáré lọ́wọ́, ó ṣì ń lọ. Ìgbà tí a bá dúró, tí àwọn yòókù ń mu omi, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ìgbà yẹn gan-an ni tèmi ń bẹ̀rẹ̀. Àyà mi á há bíi pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Màá máa wú ikọ́ gbígbẹ tí kò mú nǹkan kan jáde, ohùn kan á sì máa dún nínú àyà mi, fíì, fíì, bí ẹni ń fun fèrè lọ́nà jíjìn. Ó ń tó ìdajì wákàtí kó tó rọlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, orí ìdúró ni mo wà tí mo gbá eékún mú, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Ọkọ mi ní kí n jókòó sílé, pé ta ló fi eré sísá ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹ̀dọ̀fóró mi ló kéré. Ẹnì kan ní òtútù ló wọ̀ mí lára. Èmi ò fẹ́ dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ mi tó ti ń ru ti wálẹ̀ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti ṣe ẹnikẹ́ni rí níbí, kí lẹ ṣe sí i?


Ẹsẹ̀-Yá (Parakin) | Ọjọ́ Àìkú, 8:51 alẹ́

Ẹ kú ìgbìyànjú, Ìyá Fèyí. Ẹ má jáwọ́ o. Mo ti ń sáré látìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ ọdún 52 ni mí báyìí, mo ṣì ń sá kìlómítà 8 láàárọ̀.

Ara yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ pa ẹnu dé, imú nìkan ni kí ẹ máa fi mí. Ẹ fi èémí bá ẹsẹ̀ rìn: kí ẹ fà á sínú fún ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tú u jáde fún ìgbésẹ̀ méjì. Tí ẹ bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀dọ̀fóró yín á fẹ̀ sí i, ikọ́ yẹn á sì dohun ìgbàgbé.


Adúnní Alákàrà (Sábó) | Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Ohùn fíì fíì yẹn, mo mọ̀ ọ́n o. Èmi ò tilẹ̀ ní láti sáré kí n tó gbọ́ tèmi. Mò ń dúró ti ìdáhùn àwọn tó mọ̀.


Nọ́ọ̀sì Wúrà (Iléṣà) | Ọjọ́ Àìkú, 10:37 alẹ́

Ìyá Fèyí, ẹ kú àmójútó ara yín. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí àwọn tí èémí ń dà láàmú. Mi ò lè jókòó ti fóònù kí n sọ pé ohun báyìí ló ń ṣe yín, ẹni tó bá fi etí sí àyà yín nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò dá: ẹ ní ìgbà tí ẹ bá DÚRÓ ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ ò tíì mọ eré, ìgbà tó ń sáré lọ́wọ́ ni èémí ń wọ́n ọn. Tó bá dúró ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ń padà bọ̀ sípò. Ti ẹni tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fún pọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìṣẹ́jú 5 sí 15 lẹ́yìn tó dúró ló sábà máa ń le jù, á sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹ tún ka ohun tí ẹ kọ yìí, kí ẹ wò ó bóyá kò bára mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń mí bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo afẹ́fẹ́ tó sì ń wọ inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà jẹ́ bíi lítà 6 sí 8. Nígbà eré líle, ó lè mí ju ìgbà 40 lọ, kí afẹ́fẹ́ náà sì tó lítà 100. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a fi ń pọnmi, mẹ́rin rẹ̀ nìyẹn, ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Iṣẹ́ imú ni láti mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó fi omi rin ín, kó sì sẹ́ eruku inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ti pọ̀ jù fún un. Ẹnu á là, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀ wọlé bó ṣe rí níta. Lásìkò ọyẹ́, bó ṣe rí níta ni pé ó gbẹ, ó tutù láàárọ̀, eruku sì kún inú rẹ̀. Bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ètè wa títí tó fi ń là, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbẹ omi ara ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú lọ́hùn-ún. Lára àwọn kan, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á bínú sí i, á fún pọ̀, ọ̀nà á sì dín. Afẹ́fẹ́ tó ń fipá gba ọ̀nà tóóró yẹn jáde ni ẹ ń gbọ́ bíi fèrè.

Ẹsẹ̀-Yá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kì í fẹ̀ sí i nítorí eré sísá. Ohun tí eré ń yí padà ni ọkàn, tí yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti iṣan ẹsẹ̀, tí yóò mọ bí a ṣe ń fa ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà lò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń mú wa mí hẹlẹhẹlẹ lóṣù àkọ́kọ́ kì í fi í rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóṣù kẹta. Ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni.

Ìyá Fèyí, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ikọ́ máa ń jí yín lóru? Ṣé imú tàbí ojú máa ń yún yín? Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ńkọ́? Ṣé ikọ́ yìí ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì láìdáwọ́ dúró, ṣé ẹ ń rù, ṣé ẹ ń làágùn lóru? Ṣé ẹsẹ̀ ń wú? Ṣé ẹ lè sùn gbalaja láìsí pé èémí ń gé? Títí tí ẹ ó fi rí dókítà, ẹ máa rìn, ẹ fi eré sílẹ̀ ná. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, tí ètè ń dúdú, tí àyà ń dunni tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.


Ẹsẹ̀-Yá (Parakin) | Ọjọ́ Ajé, 5:48 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, kò sí ìbínú. Ti ẹ̀dọ̀fóró yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, mo dúpẹ́ pé ẹ là mí lóye. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gba ti imú o. Èmi ń fi imú sá kìlómítà 8 yẹn, lọ́yẹ́ àti lójò, ikọ́ kì í ṣe mí.


Nọ́ọ̀sì Wúrà (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Òótọ́ ni fún yín, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ti ń sáré. Eré tó ń mú ẹlòmíràn là ẹnu, ìrìn gbẹ̀fẹ́ ni lára yín. Imú dára gan-an nígbà tí èèyàn bá ń rìn tàbí tó ń sá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pàápàá lọ́yẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń há lọ fipá pa ẹnu dé nígbà tí ara rẹ̀ ń bèèrè afẹ́fẹ́. Tí imú ò bá tó, ńṣe ni kó dẹ ẹsẹ̀ lọ́wọ́.


Tíṣà Bàọ́lọ́jì (Modákẹ́kẹ́) | Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àìtó ọ́síjìn ló ń mú wa mí gúlegúle. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá pé, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà eré. Carbon dioxide tí iṣan ń tú jáde bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á sì máa pàṣẹ pé kí a lé e jáde kíákíá. Nítorí náà, nígbà tí èémí bá ń le, ẹ má sáré fà á sínú, fà á sínú. Ẹ tú u jáde tán ná. Agolo tí a kò da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, kí la fẹ́ rọ sí i?

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi gbé ọwọ́ lé ikùn kí wọ́n sì mí kanlẹ̀. Tí ikùn bá ń sún síwájú nígbà tí wọ́n ń fà á sínú, iṣan pẹrẹsẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Tí èjìká nìkan bá ń lọ sókè sódò, wọn ò tíì mí.


Ìyá Àbúrò (Ìlárẹ́) | Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, kì í ṣe gbogbo èémí ló ń ti àyà wá o.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa dókè mọ́. Tí mo bá gbé omi láti ẹnu kànga dé ẹnu ọ̀nà, màá jókòó, ọkàn mi á máa lù kìkìkì. Wọ́n ní ikọ́ ni, wọ́n fún mi lóògùn ikọ́. Wọ́n ní ọkàn ni, wọ́n ní kí n má jẹ iyọ̀. Ibì kan tí mo lọ, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí kí wọ́n tó kọ ìwé oògùn fún mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń kiri. Níkẹyìn, nọ́ọ̀sì àgbà kan fa ìpéǹpéjú mi sísàlẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó ní, «Ìyá, ibí yìí funfun.» Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 22. Fún obìnrin, ó kéré tán ó yẹ kó tó 36. Fáíbírọ́ìdì, kókó inú ilé ọmọ, ló ń mú kí nǹkan oṣù mi pọ̀ jù, mo sì ti gbà pé bí ara mi ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní àbùkù kankan, ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé dáadáa, àwọn tí yóò rù ú dé ara ni kò tó. Bí ọjà ṣe kún ilé ìtajà tí kò sí alábàárù. Nítorí náà, Ìyá Fèyí, tí wọ́n bá ń yẹ̀ yín wò, ẹ bèèrè PCV pẹ̀lú. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń kà á, ẹ má jókòó ti nǹkan oṣù tó ń pọ̀.


Nọ́ọ̀sì Wúrà (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 10:15 àárọ̀

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ìyá Àbúrò sọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í sú fèé, ìgbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló sì ń mú un. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì lè pàdé lára ẹnì kan. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.


Baba Eléwé-Ọmọ (Ọjà Tìtun) | Ọjọ́ Ajé, 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Orógbó méjì lóòjọ́, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú oyin ojúlówó, kí ẹ sì fi omi gbígbóná wẹ̀. Ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn. Ikọ́ fée ni wọ́n ń pe èyí. Kò le.


Ọmọ Ọbòkun (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Baba, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀. Orógbó wà nínú àpò tèmi náà. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Àwọn kan ń pe ásímà, àìsàn tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ fi ń fún pọ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣàlàyé, ní ikọ́ fée, àwọn mìíràn sì rèé, TB ni wọ́n ń fi orúkọ kan náà pè. Ásímà kì í ran ẹlòmíràn. TB ń ràn, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà fi ń lò ó. Tí a bá ti fi orúkọ pè é níṣìípè, a lè fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìyá Fèyí, ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọmọ ọdún 6 ni wọ́n ti sọ pé mo ní ásímà. Nígbà tí mo wà ní JSS 2, olùkọ́ eré ìdárayá wa ní ọ̀lẹ ni mí, ó ní kí n sá yípo pápá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù kejìlá. Ìyípo kejì ni mo ṣubú. Ohun tí mo rántí ni iyanrìn lẹ́nu mi, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ké pé kí wọ́n wá ínhélà mi, oògùn tí mo ń fín sẹ́nu, nínú báàgì. Láti ìgbà yẹn ni màmá mi ti fòfin de eré fún mi. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò fi sáré rárá. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, dókítà kan ló sọ fún mi pé àṣìṣe ni, pé ara tó bá ń ṣeré lábẹ́ ìtọ́jú sàn ju èyí tó jókòó lọ. Ó sọ fún mi nípa Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ásímà láti kékeré, tó sì sá máráthọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25 ní ọdún 2003. Kò sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà.

Lónìí, mo ń gba bọ́ọ̀lù, mo sì ti gun omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà dé ìpele keje. Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ eré lójijì. Mo máa ń rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà màá sá eré kúkúrú kúkúrú bí ìṣẹ́jú àáyá 30, màá rìn, màá tún sá a, kí àyà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀. Lọ́yẹ́, mo máa ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo imú àti ẹnu, kí èémí tí mo tú jáde lè fi omi rin èyí tí mo fẹ́ fà wọlé. Tí mo bá fẹ́ parí, mi ò kì í dúró gbàgà, màá rọra dẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di ìrìn. Mo sì máa ń fín ínhélà aláwọ̀ búlúù ní ìṣẹ́jú 15 kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ti tó.


Nọ́ọ̀sì Wúrà (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 2:55 ọ̀sán

Àbúrò mi, gbogbo ohun tí o kọ ló dára, àfi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Aláwọ̀ búlúù nìkan kò tó. Ó ń tú iṣan tó fún pọ̀, ṣùgbọ́n kò kan wíwú tó wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá gbára lé e nìkan, ara á máa dùn ún lónìí, ìṣòro abẹ́nú á máa ga sí i, títí ọjọ́ kan tí búlúù ò ní ràn án mọ́. Láti ọdún 2019 ni ìlànà àgbáyé lórí ásímà ti sọ pé kí wọ́n má fi búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́, pé ínhélà tó ní oògùn tí ń pa wíwú náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mò ń bẹ̀ ọ́, padà lọ rí dókítà rẹ. Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti yẹ̀ ọ́ wò gbẹ̀yìn?

Baba Eléwé-Ọmọ, a ò ní kí wọ́n má jẹ orógbó. Kí wọ́n má fi rọ́pò ìtọ́jú nìkan la ń wí.


Ọmọ Ọbòkun (Iléṣà) | Ọjọ́ Ajé, 3:04 ọ̀sán

Ó ti tó ọdún mẹ́ta, mà. Màá lọ lọ́sẹ̀ yìí.


Adúnní Alákàrà (Sábó) | Ọjọ́ Ajé, 9:33 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba èéfín.

Ọdún 22 ni mo fi dín àkàrà lórí igi. Aago 5 ìdájí ni mo ń dáná, abẹ́ páànù tí kò ní fèrèsé. Igi tútù ló burú jù, òjò ọdún kan tó pọ̀, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi igi tútù dáná. Ojú mi á pọ́n, màá nu ún, màá máa bá iṣẹ́ lọ. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, mi ò lè rìn láti Sábó dé Lágere láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Tèmi kì í wá kó lọ bíi ti Ìyá Fèyí, ó ń bẹ lára mi tọ̀sán tòru. Dókítà ní èéfín ti ba ọ̀nà afẹ́fẹ́ mi jẹ́, àti pé èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣeé dá sí. Mi ò mu sìgá rí láyé mi.

Gáàsì ni mo ń lò báyìí fún èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí owó gáàsì bá wọ́n jù, mo ń padà sí igi, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni mo ń dá a sí, mo sì ń dúró sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá.

Wọ́n kọ́ mi ní ohun kan tó gba ẹ̀mí mi. Tí èémí bá ń gé, mi ò ní bẹ̀rù. Màá jókòó, màá tẹ̀ síwájú díẹ̀, màá gbé ọwọ́ lé orúnkún. Màá fi imú fà á sínú, kí n ka ení, èjì. Màá wá sún ètè jọ, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ, màá rọra fẹ́ ẹ jáde, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí n má fẹ́ ẹ bí ẹni ń koná o. Bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ. Mo ń ṣe é tí mo bá ń gun òkè, mo ń ṣe é tí mo bá gbé agbada. Mo sì ń rìn lójoojúmọ́, wọ́n ní tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á rọ, iṣẹ́ kékeré á wá máa gba èémí tó pọ̀ sí i lára mi. Mo ti ń dé Lágere láìdúró. Kò yá, ṣùgbọ́n mo ń débẹ̀.


Agégi Onísọ́míìlì (Òpópónà Ìbàdàn) | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:12 àárọ̀

Màmá Adúnní, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun. Ìyẹ̀fun igi náà ń ṣe àwa bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fi ìbòmú ṣiṣẹ́ láti àná.

Ìyá Fèyí, ẹ tún aago yín rò. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé afẹ́fẹ́ àárọ̀ ló mọ́ jù. Lọ́yẹ́ kọ́ o! Ìdájí ló ń tutù jù, ìgbà yẹn ni wọ́n sì ń sun pàǹtí kiri. Bákan náà ni ìrọ̀lẹ́ rí lójú títì ńlá, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti kún. Inú ọgbà OAU, láago 5 ìrọ̀lẹ́, nínú àwọn igi lọ́hùn-ún, ìyẹn ni mo mọ̀ pé ó dára.


Nọ́ọ̀sì Wúrà (Iléṣà) | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá rí òkè tàbí igi tó wà níwájú yín nítorí ọyẹ́, ilé ni kí ẹ ti ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Ohun kan tún wà nínú èéfín igi, èédú àti jẹnẹrétọ̀: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí a kò sì lè fi ojú rí. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ó sì ń gba ipò rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láé.


Ìyá Fèyí (Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀) | Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì, 8:40 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi mí nípa ìgbà èwe mi, mo pe màmá mi. Wọ́n ní, «Ṣé o ò rántí ni? Gbogbo ọyẹ́ ni mo ń gbé ẹ jókòó lóru.» Mi ò rántí rárá. Imú máa ń yún mi, ìyẹn ti pẹ́, mi ò kà á sí àìsàn. Ikọ́ sì ti ń jí mi lóru lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo rò pé eruku ilé ni.

Mo lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́rú. Wọ́n gba itọ́ ikọ́ àti ẹ̀jẹ̀ mi. PCV 37, Ìyá Àbúrò, mo rántí yín. Kò sí TB. Wọ́n wá fún mi ní páìpù oníke kan tó ní àmì kéékèèké lára, wọ́n ní kí n mí kanlẹ̀ kí n sì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ ẹ, èyí tó ga jù jẹ́ 310. Wọ́n ní kí n fín ínhélà, mo jókòó fún ìṣẹ́jú 20, mo tún fẹ́ ẹ. 390. Dókítà yí páìpù náà sí mi kí n rí i fúnra mi. Ó ní bó ṣe fò sókè bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà náà há, ó sì ṣeé ṣí. Ásímà ni.

Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bèèrè bóyá mo lè máa sáré. Dókítà ní kí n sáré. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ kan títí a fi dé ibi ìdúrókọ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun máa bá mi ra aṣọ ìbomú tó dára.

Ínhélà tí wọ́n fún mi ní oògùn méjì nínú. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é níṣìíṣe: ẹ ó mì í, ẹ ó mí jáde tán ná, ẹ ó fi ẹnu dì í, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ ó máa rọra fà á sínú, ẹ ó pa èémí mọ́ títí ẹ ó fi ka 10. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi omi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dà nù, kí funfun má baà yọ lórí ahọ́n. Owó rẹ̀ ga, mi ò ní purọ́. Mo dá àjọ fún un.

Lánàá, láago 5 ìrọ̀lẹ́, mo rìn láti géètì fún ìṣẹ́jú 15, mo sá díẹ̀, mo rìn, mo sá díẹ̀. Nígbà tí mo dúró, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ń dúró de fèrè yẹn. Mo dúró títí. Àwọn ẹyẹ nìkan ni mo gbọ́.


Adúnní Alákàrà (Sábó) | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:02 alẹ́

Omi bọ́ lójú mi. Ìyá Fèyí, páìpù tí ẹ fẹ́ yẹn, wọn ò fún mi fẹ́ irú rẹ̀ rí. Èwo ni ọjọ́ tí wọ́n ń rí èèyàn níbẹ̀?


Ìyá Fèyí (Mọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀) | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́

Ọjọ́rú, mà. Èmi náà ń padà lọ lọ́jọ́rú tó ń bọ̀. Ẹ dúró dè mí ní Sábó láago 7, màá fi kẹ̀kẹ́ Márúwá yà gbé yín.


Ẹsẹ̀-Yá (Parakin) | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:31 alẹ́

Èmi náà máa wà ní géètì ní Ọjọ́bọ̀, láago 5 ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ yẹn, màá bá yín rìn ín.